Ọjọ́ Tí Vespa Mi Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ní ìgbà tí Vespa ṣì jẹ́ ọlá fún tíṣà ní ìgboro Ìbàdàn, tí ẹni tí ó bá gùn ún kọjá ní Mọ́kọ́lá kò ní í yára, kí àwọn òbí ọmọ iléèwé lè ráyè kí i, èmi náà ra àlòkù kan, mo sì fún un ní oríkì: Abìdí-gbàràgàdà, Aké-bí-ẹni-tí-a-lù, ọmọ Ítálì a-fi-èéfín-júwe-ilé. Ilé iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vespa ní ọdún 1946, nígbà tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Corradino D'Ascanio tí ó ya àwòrán rẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi fi páànù bo ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ọ̀rá má baà ta sí ṣòkòtò ẹni tí ó bá gùn ún. Ọkùnrin rere! Kò mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páànù náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ta kíìkì, mo ta kíìkì, títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń ro mí, Abìdí-gbàràgàdà kò dáhùn. “Bàbá Táyé,” ni ìyàwó mi wí, “ṣebí mẹkáníìkì ń bẹ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹ ò ṣe ránṣẹ́ pè é?” Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin, mo ní ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kí ni ń bẹ nínú irin tí yóò ṣòro fún un? Ká sọ òótọ́ láàrin ara wa, owó ni n kò fẹ́ ná, ahun tí ń bẹ nínú mi kì í sì í jáde láìwọ ẹ̀wù ọgbọ́n. Mo ti ra àpótí sípánà kan ní Dùgbẹ̀, gbogbo wọn ń dán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ṣùgbọ́n ta ni í rántí àkísà ní ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé aránṣọ dé?

Ọlọ́gbọ́n ì bá kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì wò, nítorí pé bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ni a ń pò pọ̀ sínú táǹkì irú Vespa ògbólógbòó bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ìdá kan sí bẹntiróòlù ìdá 20, èmi a sì máa bù ú lé e ní ìlọ́po méjì, mo ń pè é ní ìkẹ́. Mo fo púlọ́ọ̀gì dá, mo kọjú sí àgbá irin kan tí ó ní abẹ̀bẹ̀ lára, tí ń yí bírí láti fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Mo tú nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀, ó yọ, inú mi sì dùn débi pé mo ké sí Táyé kí ó wá wo bàbá rẹ̀.

Bí mo ti gbé e kúrò ni irin kékeré kan jábọ́ sí orí ẹní. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: kò tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ kejì yí kọ́bọ́ bí oṣù tí ó dé ìdajì, ọ̀rá dúdú sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò rí iṣẹ́ kankan tí irú nǹkan báyìí lè ṣe láyé. Mo gbà pé àṣejù àwọn Òyìnbó ni, mo sì fi í fún Táyé, ẹni tí ó fi í ṣe owó nínú eré ìtajà rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. N kò rántí òwe náà àfi ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo dì í tán, bẹntiróòlù tí mo fi kíìkì àtàárọ̀ rin púlọ́ọ̀gì ti fà gbẹ. Mo ta kíìkì. Ó ta mí padà ní ojúgun, ó tú èéfín, ó sì gbà! Gbogbo ilé jáde. Mo dé fìlà mi, mo gorí rẹ̀, mo fi í sí jíà kìn-ín-ní, mo kọjú sí títì tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, mo sì dẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni Abìdí-gbàràgàdà gbà lọ. Kí n tó rántí ibi tí búréèkì wà, a ti gba abẹ́ aṣọ tí ìyàwó mi sá kọjá, a sì ti jókòó sínú bàsíà ẹ̀wà tí Ìyá Alákàrà ti rẹ, tí ó ti bó, tí ó kù kí ó gbé lọ lọ̀. “Tíṣà,” ni obìnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, “ṣé ẹ̀yìnkùlé mi ni iléèwé yín kó wá ni?”

Ọmọ mẹkáníìkì tí a wá ránṣẹ́ pè kò ju àwọn tí mo ń nà ní kíláàsì lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tú àgbá irin náà, ó yọjú sínú rẹ̀, ó ní, “Kíì rẹ̀ dà, sà?” Irin ìdajì oṣù nì ni ó ń so àgbá mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, kí iná púlọ́ọ̀gì lè ṣẹ́ ní àkókò tí ó yẹ, bí kò bá sí níbẹ̀, àgbá a sún kúrò ní ipò rẹ̀, iná a ṣẹ́ láìtọ́ àkókò, ẹ́ńjìnnì irú èyí a sì lè fi ẹ̀yìn yí bí ó ti ń fi iwájú yí. A wá Táyé rí. Ó ti fi kíì náà ra gúgúrú, gúgúrú gidi, lọ́wọ́ ọmọ Ìyá Alákàrà, ọmọ náà sì kọ̀ láti dá a padà títí a fi fún un ní kọ́bọ̀.

Mẹkáníìkì dá kíì padà sí àyè rẹ̀, ó fi sáńpépà nu púlọ́ọ̀gì, Vespa sì jí. Owó tí ó gbà kò tó ìdajì owó ẹ̀wà tí mo san. Àpótí sípánà náà ń bẹ nílé, ó pé, ó ń dán, mo sì fẹ́ tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ọ̀sán, kí ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, nítorí pé Ìyá Alákàrà kò tíì gbà kí àlejò mi kankan gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.