Ìjàpá, Alákòóso Ìjì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo àti ìjì kan tí wọ́n ń pè ní Sam.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ẹranko erékùṣù Kàríbíánì gbọ́ pé òjò kan ti bọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà sójú òkun. Ìkùukùu lásán ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n omi òkun lọ́wọ́ọ́wọ́, ó lé ní ìwọ̀n 26 Celsius, ìkùukùu sì ń fa ooru rẹ̀ mu bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 26, ó ti di ìjì, ó ti lójú láàárín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń sáré kìlómítà 250 ní wákàtí kan.

Ẹ̀rù ba Ewúrẹ́, jìnnìjìnnì bo Adìẹ. Ìjàpá ní kò sí wàhálà, òun àti Sam ti mọra tipẹ́. Kí kálukú dáwó, òun á lọ pàdé rẹ̀ lójú òkun. Adìẹ kó ẹyin sílẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ béèrè rìsíìtì. Ìjàpá ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó fi ṣe òǹtẹ̀.

Ẹ̀yìn àpáta etíkun ló lọ jókòó sí, ó ń jẹ ẹyin, ó ń kọrin:

Sam o, Sam o, yà fún wa
*Yà lọ, ìjì, yà lọ*
Ewúrẹ́ ti san, Adìẹ ti san
*Yà lọ, ìjì, yà lọ*
Ẹni tí ò san, kó má sunkún
*Yà lọ, ìjì, yà lọ*

Sam yà lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ wíwúwo kan wà tó máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀ sójú Àtìláńtíìkì. Etí rẹ̀ ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ tí í fi í yí sí àríwá. Afẹ́fẹ́ náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ni yóò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìjàpá ni wọ́n gbé léjìká, wọ́n fi í jẹ Alákòóso Ìjì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú oyè bẹ́ẹ̀.

Ni Àbùùbùtán bá yọjú láti inú ibú. “Ìjàpá, lọ́jọ́ 30, ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní awakọ̀ wọ inú Sam lọ, ó ya fídíò. Ìgbì tó ga tó mítà 15 ló wà níbẹ̀. N kò rí ọ.”

“Bàbá, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo wà.”

“Bàbá, Sam wá ńkọ́?” Adìẹ ló béèrè.

“Ó gba ìlà-oòrùn Bermuda kọjá, kò tẹ ilẹ̀ kankan. Ó wọ omi tútù, kò rí ooru mu mọ́, agbára tán. Lápá Iceland ni ìjì mìíràn ti gbé e mì.”

Inú bí àwọn ẹranko, wọ́n yí orin padà:

Ìjàpá o, dá ẹyin padà
*Kó o tó lọ, kó o tó lọ*

Ìjàpá wúkọ́. “Ẹ fara balẹ̀. Sam kò ba ìlú kankan jẹ́, wọn kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ ìjì. Lọ́dún 2027, ìwé yẹn náà ni wọn yóò tún ṣí. Ẹni tó bá san tiẹ̀ sílẹ̀ báyìí, màá bá a dín in kù.”

Adìẹ ló kọ́kọ́ béèrè pé ẹyin mélòó ni.