Ráútà Àfidípò Nínú Ilé Kan ní Àkóbọ̀

Íntánẹ́ẹ̀tì àfidípò ni ọ̀nà kejì tí onílé pèsè sílẹ̀ kí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ ọmọ àti ìpè fídíò àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun má baà dúró nígbà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá dákẹ́. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń rà fún iṣẹ́ yìí ni ráútà onísíìmù, ìyẹn àpótí kékeré kan tí a ń ki síìmù bọ̀, tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí fóònù ti ń gbà á, tó sì ń pín in káàkiri ilé láìlo okùn. Èyí tó ní bátìrì nínú, tó ṣeé fi sápò, ni wọ́n ń pè ní MiFi. Èyí tó tóbi, tó ń jẹ iná ara ògiri, ni wọ́n ń pè ní ráútà lásán. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tẹnu mọ́ ni pé kò yẹ kí a fi bó ṣe ń yá tó nìkan yan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó bá lè pa ọ̀nà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ lè pa èkejì. Inú ilé ẹni tó kọ ọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wá, akọ̀wé sì ni a ó máa pe ẹni náà láti ìhín lọ, nítorí pé ìwà òmùgọ̀ tó hù rọrùn láti jíròrò bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ilé náà wà ní Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn, ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni okùn fíbà, okùn dígí tín-ín-rín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni. Kò sí èyí tó yá tó o, kò sì sí èyí tó rọrùn láti gé tó o, pàápàá ní ìlú tí àwọn tó ń ṣe títì, àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà àti àwọn tó ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ kì í bi ara wọn léèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kí kátápílà tó gbẹ́nu bọ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, orí Zoom ni akọ̀wé wà, ojú rẹ̀ sì gan mọ́ orí ẹ̀rọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèpàdé, pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín. Ẹnìkan ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti orí àwòrán yẹn ni ìpinnu pé ilé gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì kejì ti wá.

Ọjà Queen Cinema ni ó kọ́kọ́ ti ṣìnà. Wọ́n gbé MiFi tòkunbọ̀ kan sí i lọ́wọ́, ó wúwo, ó ní ojú dígí, ó sì dọ́ṣọ̀ ju àwọn tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni owó rẹ̀ kò tó tiwọn. “Dádì mi, ti Amẹ́ríkà rèé o,” ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí, “kì í ṣe ti Ṣáínà tí wọ́n ń kó kiri yẹn.” Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n akọ̀wé kò dojú rẹ̀ délẹ̀ títí ó fi sanwó. Èyí tó burú jù ni pé kò béèrè nípa báńdì. Báńdì ni ìpín ìgbì rédíò tí ìjọba fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti lò, tí a sì ń fi nọ́ńbà pè. Lórí 4G ní Nàìjíríà, àwọn tó wọ́pọ̀ ni báńdì 3, tó wà ní 1800 MHz, báńdì 7, tó wà ní 2600 MHz, àti báńdì 20, tó wà ní 800 MHz, nígbà tí àwọn kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ilé nìkan ń lo báńdì 40, ní 2300 MHz. Àwọn tí wọ́n ń lò jù ní Amẹ́ríkà yàtọ̀: 2, 4, 12, 13 àti 66 wà nínú wọn, àwọn nọ́ńbà kan lára ìwọ̀nyí nìkan sì ni 4G MiFi náà mọ̀.

Kí akọ̀wé tó mọ èyí, ó ti ná owó kejì. Ẹ̀rọ náà ní títì lára, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á ṣe é kí ó má gba síìmù ẹlòmíràn, ó sì ń béèrè kóòdù nígbàkígbà tí wọ́n bá tàn án. Akọ̀wé wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó sanwó, títì ṣí, ẹ̀rọ sì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìrí ọ̀kan ṣoṣo, nítorí pé kóòdù lè ṣí títì, ṣùgbọ́n kò lè fi etí tuntun sí rédíò tí wọn kò kọ́ báńdì náà mọ́ nínú. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ihò síìmù rẹ̀ tóbi ju síìmù nano tí fóònù òde òní ń lò lọ, akọ̀wé sì ti fi síìmù náà sínú férémù ike kan kí ó lè bá ihò mu. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, férémù jáde, síìmù jókòó sínú. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, síìmù tún wọlé sí i. Ó mi ẹ̀rọ náà létí, ó gbọ́ ọ tó ń dún wóró nínú. Ìyàwó rẹ̀ ló mú ẹ̀mú tó fi ń tu irun ìpéǹpéjú wá, ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, ó nu ẹ̀mú náà mọ́ aṣọ, ó sì dá a padà sínú báàgì àtíkè rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ta akọ̀wé lára ju owó méjèèjì lọ.

Ráútà kejì jẹ́ tuntun, báńdì rẹ̀ pé, kò sì sí títì lára rẹ̀. Ibi tí a ó gbé e sí ló di wàhálà. Ìgbì tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré, bíi 800, máa ń lọ jìnnà, ó sì máa ń wọ ògiri dáadáa. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀, bíi 2600, ń gbé ìsọfúnni púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri, òrùlé páànù àti irin ojú fèrèsé tètè máa ń dá a dúró. Ìdí nìyí tí 5G kò fi pọn dandan fún àfidípò. Lóòótọ́, nígbà tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ta ìgbì 3.5 GHz ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, mílíọ̀nù dọ́là 273.6 ni ilé iṣẹ́ MTN àti Mafab san lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì ti ń fi 5G yangàn láti ìgbà náà; ṣùgbọ́n ìpè fídíò tó mọ́ kedere kò sábà gbà ju 4 Mbps lọ, ìgbì 3.5 GHz kò sì fẹ́ràn ògiri rárá. Ẹni tó bá ń ra àfidípò tó sì tìtorí 5G san ìlọ́po owó, ọ̀ṣọ́ ló rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé náà wo ọ̀kan pẹ́ lọ́jà.

Láti mọ ibi tó dára jù, akọ̀wé ṣí ojú ewé tí ráútà fi ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, èyí tí a ń fi nọ́ńbà bíi 192.168.8.1 pè lórí fóònù tó bá ti so mọ́ Wi-Fi rẹ̀. Ibẹ̀ ni RSRP wà, ìwọ̀n agbára ìgbì tó ń ti orí òpó dé ọ̀dọ̀ ráútà. Ní ẹ̀bá fèrèsé òkè, ó kà −85. Lórí ṣẹ́ẹ̀lì pálọ̀, ó kà −98. Lórí fíríìjì ní kíṣìnì, láàárín ògiri mẹ́ta, ó kà −115. Inú akọ̀wé dùn, ó pe gbogbo ilé wá wo 115, ó sì kéde pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí fíríìjì. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé girama wí, “àmì ìyọkúrò ló wà níwájú rẹ̀ yẹn.” Òótọ́ ni: bí nọ́ńbà náà ti ń jìnnà sí òdo ni ìgbì ń kú lọ, ọgbọ̀n tó wà láàárín −85 àti −115 sì túmọ̀ sí pé agbára tó dé orí fíríìjì jẹ́ ìdá kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún èyí tó dé ẹ̀bá fèrèsé. Owó ilé ìwé ọmọ náà kò ṣòfò.

Lẹ́yìn tí ráútà ti gun òkè tán ni kátápílà padà wá, ọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù sì yọjú. Fíbà gé, akọ̀wé fi ẹ̀rín tan ráútà rẹ̀, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní okùn tàbí ìgbì mìíràn tó so ó mọ́ ìyókù ayé, àmì tó ń kún lójú ráútà sì ń ròyìn àárín ráútà àti òpó nìkan, kò mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn òpó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá so okùn náà ló ṣàlàyé pé ẹ̀bá títì kan náà ni okùn ilé àti okùn òpó yẹn jọ gbà. Báwo ni akọ̀wé ṣe yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà? Ó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò èwo ló ń yá jù, ó sì rà á. Bó bá ṣe pé ó ti béèrè èwo ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí kátápílà gé fíbà, ìdáhùn ì bá yàtọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ládùúgbò náà ló rí nísàlẹ̀ òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣe ségesège ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi mọ́ Nàìjíríà, débi pé àwọn ènìyàn kò rí owó fi ránṣẹ́ ní báńkì. Okùn Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022, àti Glo-1 kò sí lára àwọn tó bàjẹ́, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá sì lè yà sí ọ̀kan nínú wọn rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Ẹni tó ní síìmù méjì tó jẹ́ okùn òkun kan náà ni wọ́n jọ ń gbà kò ní nǹkan kan tó ju síìmù kan lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí akọ̀wé fẹ́ ra síìmù tuntun, ó fi ọgbọ́n yìí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé okùn òkun wo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń gbà. “Okùn òkun kẹ̀?” ni onítọ̀hún fèsì. “Ẹ dákun, sà, ṣé síìmù lẹ fẹ́ rà àbí ọkọ̀ ojú omi?”

Iná wá ń kọ́? Àpótí fíbà àti ráútà wà lórí wáyà kan náà lára ògiri, wọ́n sì jọ ń sùn nígbà tí NEPA bá múná lọ. Akọ̀wé ra bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà, tó ní ihò 5, 9 àti 12 fọ́ọ̀tì, ó sì ki wáyà ráútà tó ń jẹ 12 fọ́ọ̀tì bọ ihò 9, nítorí pé òun ló sún mọ́ ọn. Ráútà tàn. Bí ènìyàn kan bá ń ka ìwé ìròyìn, kò sí wàhálà. Bí ìpè fídíò bá bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ sì pọ̀, iná náà kò ká a mọ́, ráútà á kú, á sì tún tàn fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni akọ̀wé ń bú ní gbogbo àsìkò yẹn, títí ìyàwó rẹ̀ fi gbálẹ̀ débẹ̀ tó sì ka nọ́ńbà tó wà lókè ihò náà sí i létí.

Ti dátà kò gùn. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tó bá rí Wi-Fi kì í béèrè bóyá ti fíbà ni tàbí ti síìmù, nítorí náà ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi tún ara rẹ̀ ṣe lóru ọjọ́ kan gbé gbogbo dátà àfidípò mì. Orúkọ Wi-Fi ọ̀tọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n kò mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ló yanjú ìyẹn.

Òfin ni ohun tí akọ̀wé kò rò nípa rẹ̀. NCC gbà kí ilé iṣẹ́ ti síìmù tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ohun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà pa, bó bá sì tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Òfin yìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ àfidípò ni kí ó dúró jẹ́ẹ́. Fíbà ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́, akọ̀wé kò ra dátà sórí síìmù nítorí pé kò sóhun tó fẹ́ fi ṣe, nígbà tí fíbà sì gé, síìmù ti kú. Ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n béèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó di dandan láti so mọ́ síìmù láti oṣù Kejìlá ọdún 2020. Akọ̀wé ti gbàgbé tirẹ̀ sílé. Ti ìyàwó rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀. Orúkọ ìyàwó ni wọ́n fi forúkọ síìmù tuntun sílẹ̀, òun ló ń ra dátà kékeré sí i lóṣooṣù báyìí, ó sì ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ráútà, èyí tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí àpilẹ̀kọ yìí tó lè kúrò nílé.