Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Throttle Stop

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀rọ tí ń ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ ìje má baà yára jù, ẹ kú ìjókòó lábẹ́ kábúrétọ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín máa ń dí lópin ọ̀sẹ̀ tí eré ìje ọkọ̀ NHRA bá wà l'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ti kọjá ohun tí à ń sọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí aráyé bá wa dá sí i.

Ta ló ní kí ẹ máa fi owó olówó ṣeré? Ẹnì kan ra ẹ́ńjìnnì ńlá, ó gbé kábúrétọ̀ Holley Dominator lé e lórí, ó tún wá san owó lé yín kí ẹ lè fún un lọ́rùn. Iná àwọ̀ ewé tàn, ọkọ̀ fò, kò tíì rìn jìnnà tí ẹ fi ti ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa. Ariwo rọlẹ̀. Ó di ìgbà tí táímà yín bá fọwọ́ sí i kí ẹ tó ṣí i, ọkọ̀ á tún bú. Ẹ dákun, ṣé eré lẹ ń sá ni àbí ẹ ń ro nǹkan?

Ẹ máa ní òfin ni. Lóòótọ́, lórí ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìsọ̀rí Super Comp kò gbọ́dọ̀ yára ju ìṣẹ́jú-àáyá 8.90 lọ, Super Gas 9.90, Super Street 10.90. Ẹni tó sá 8.89 ní Super Comp ti yára jù, ó ti pàdánù nìyẹn, àfi tí ẹnì kejì rẹ̀ bá dáràn jù ú lọ. Àwa tí a mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń gba ẹ̀bùn, ẹ bá wa wò ó!

Ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò lè forí jì yín ni ti kábúrétọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi tilẹ̀kùn nísàlẹ̀, tirẹ̀ ṣí gbayawu lókè. Pọ́ńpù rẹ̀ ti tu epo tán láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra. Ẹ wá ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ ya wọlé, epo tó wúwo jù ú ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, pọ́ńpù ò ní nǹkan kan tó máa tu mọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ta ni wọ́n máa bú? Kábúrétọ̀ ni! Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé e sójú oòrùn kí wọ́n lè yọjú wo ihò rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ bí àna tuntun.

Ẹ ò tiẹ̀ mọ ojú ọjọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, agbára á pọ̀, awakọ̀ ló máa ní kí ẹ dì í mú pẹ́ sí i. Bí oòrùn bá mú, òun náà ló máa dín in kù. Tirẹ̀ ni gbogbo ìṣirò. Tiyín kò ju kí ẹ ṣí, kí ẹ tì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ọkọ̀ bá gbéra tí ohùn rẹ̀ sì rọ lójijì, ẹ má káàánú awakọ̀. Kò sóhun tó bàjẹ́. Ọ̀gá yìí ló wà lẹ́nu iṣẹ́.