Ìjàpá Olówò Ọdún Mẹ́rin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo nílùú Ìjẹ̀bú-Òde.

Láyé ọjọ́un (kò tíì pẹ́ púpọ̀, JAMB ti dé), Ìjàpá rí i pé kò sí ẹranko kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kò fẹ́ kọ́mọ òun di lọ́yà. Ló bá kan ìsọ̀ kan s'Ókè-Àjẹ́, ó ń ta ìmọ̀ràn. Ó ní ẹni tó bá gba JAMB wọ yunifásítì, ọdún 5 ni yóò fi kàwé òfin. Ẹni tó bá ti ní digírì mìíràn tó wá gba Direct Entry, ọdún 4 péré, torí kíláàsì ọdún kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni yóò san 5 lórí ọjà tí wọ́n ń tà ní 4?" Ó gbé orin:

Lílé: Ẹ wá ra mẹ́rin, ẹ yé ra márùn-ún
Ègbè: Jálá-ń-jálá
Lílé: Ọdún kan lérè, ẹ má jẹ́ ó bọ́
Ègbè: Jálá-ń-jálá
Lílé: Ẹni mọ̀ṣírò ní í jèrè ọjà
Ègbè: Jálá-ń-jálá

Àgbò ló kọ́kọ́ sanwó. Ohun tó ń wù ú ni kọ́mọ rẹ̀ bá a jó ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, káwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kígbe "Lọ́yà! Lọ́yà!" (Ẹ má bi mí bí àgbò ṣe ń rí ọjọ́ kẹta Iléyá o.) Yunifásítì tó wà l'Ágó-Ìwòyè ti gba ọmọ náà fún òfin. Àgbò ní kó kọ̀ ọ́, kó kọ́kọ́ lọ fọdún 4 kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, kó lè dín ọdún kan kù.

Ìgbín ní ìṣirò yìí ò yé òun. Ìjàpá dáhùn kíá: "Ṣé Olóyè Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ ò kọ́kọ́ gba digírì ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, kí wọ́n tó di lọ́yà ní London ní 1946?"

"Wọ́n gbà á. Owó London ni ò sí. Ilé ni wọ́n jókòó sí ka ti àkọ́kọ́. Ta ni wọ́n sọ fún pé àwọn ń fi dín ọdún kù?"

Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ ọdún 16, ò lówó ìmọ̀ràn. Ó gba JAMB tirẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ aláṣọ tó ti ní digírì ìṣirò-owó látijọ́ gba Direct Entry. Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ dèrò kóòtù, ó sì ti sú u láti máa sanwó fẹ́ni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ó fìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó lè bí. "Mọ́mì" ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, òun náà ń jẹ́ ẹ.

Ọdún ń gorí ọdún. Ewúrẹ́ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ gba Law School kọjá, torí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ò mọ JAMB yàtọ̀ sí Direct Entry. Lọ́jọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dé wíìgì wọ̀lú, ọmọ Àgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọdún kejì Direct Entry ni. Àgbò mú ẹfun, ó ṣírò sára ògiri: 4, 4, ó di 8, Law School ò tíì sí níbẹ̀.

Eré ló sá dé Òkè-Àjẹ́. Ó kan ìsọ̀ Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan, pátákó fọ́ yángá. Ìjàpá ti fa orí wọnú igbá, ibẹ̀ ló ti ń ké:

"Bàbá Àgbò, ẹ ṣe sùúrù! Ọdún 3 ni ti Amẹ́ríkà!"

Kò sọ pé ẹni tó bá ti gba digírì kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀.

Àgbò dúró. "Mẹ́ta?" Ó ti ń tọwọ́ bàpò.