Ilé Bàbá Ìbejì Lórí Iyẹ̀pẹ̀

(Ilẹ̀ kan ní Mọníyà, n'Ìbàdàn: ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Bàbá Ìbejì ti fi igi fa ilà ilé sórí iyẹ̀pẹ̀. Ìyá Ìbejì ń ti ọjà Gbági bọ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bíríkìlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń jẹ gúgúrú. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá fi jà ni iye ọjọ́ tí yóò gbowó.)

BÀBÁ ÌBEJÌ: Rọra tẹlẹ̀! Orí àga ìjókòó àwọn olóyè lo dúró sí yẹn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àga? Ihò èèrà ni mo rí.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Pálọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 30 ni ìbú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá joyè, gbogbo ẹgbẹ́ mi á jókòó, onílù á sì ráyè yí ká.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Oyè wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́ta! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Ilẹ̀ yìí fẹ̀ ní 50. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní ká fi 10 sílẹ̀ lọ́tùn-ún, 10 lósì. Kí ló kù?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ọgbọ̀n. Pálọ̀ mi dé ibi tó yẹ kó dé.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ògiri ńkọ́? Àbí atẹ́gùn lẹ fẹ́ fi mọ ọ́n? Búlọ́ọ̀kù 9 íǹṣì lọ́tùn-ún, 9 íǹṣì lósì, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ti lọ.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Torí pé o ń wọn aṣọ ní Gbági, o fẹ́ wọn ilé mọ́ mi lára!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ilé ìdáná mi dà?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Òun nìyí. Ẹsẹ̀ mẹ́fà sí márùn-ún.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Áà! Mo ti rò pé ibi tí ajá á máa sùn ni. Bí mo bá ṣí fìríìjì, ìdí mi á kan gáàsì. Bí mo bá ń ro àmàlà, ìgbọ̀nwọ́ mi á máa gbá ògiri. Iyán ọjọ́ Àìkú yín ńkọ́? Ṣé orí táìlì ni kí n gbé odó lé? Ọ̀nà Èkó ni atẹ́gùn sì ti ń fẹ́ wá lásìkò òjò, ọ̀hún gan-an lẹ gbé iná sí. Gbogbo èéfín ata díndín á gba yàrá wa kọjá, ẹ óò máa sín lójú oorun.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Yàrá ò sí nílẹ̀. Òkè ló wà! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń kọ́. Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ tiwọn sí Àgbádárìgì ní 1845, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ṣé orúnkún àwọn náà máa ń dún bíi tiyín? Kò burú. Àtẹ̀gùn dà?

BÀBÁ ÌBEJÌ: Hẹ̀n?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ilẹ̀ dé òkè, ẹsẹ̀ 10, íǹṣì 120 nìyẹn. Bí ìgbésẹ̀ kan bá ga ní íǹṣì 7, ó tó 17 tá a máa tò. Inú pálọ̀ olóyè ni ká tò ó sí?

BÀBÁ ÌBEJÌ: (sí bíríkìlà) Ìwọ náà sọ̀rọ̀!

BÍRÍKÌLÀ: (Gúgúrú kún ẹnu rẹ̀.)

BÀBÁ ÌBEJÌ: A óò ra àkàbà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí màmá yín tó ti lé ní 80 máa gun àkàbà lọ sùn. Ẹ̀yin lẹ óò máa ti ìdí wọn.

BÀBÁ ÌBEJÌ: (Ó fẹsẹ̀ pa ilà rẹ́, ó tún un fà, ó kó yàrá wá sílẹ̀.) Ilé ilẹ̀ ni, mo ti gbà! Gba ilé ìdáná 12 sí 10, kóo jẹ́ ká sinmi. Ṣùgbọ́n sọ́kawéè á wà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí páìpù má gùn. Páìpù ti wọ́n.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí n máa fi omi ìgbẹ́ yín se gbẹ̀gìrì? Kànga á wà níwájú pátápátá, sọ́kawéè á wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀.

(Wọ́n fi wákàtí kan gbáko jà lórí èyí. Ọ̀rọ̀ dé orí aṣọ ìdána, ó dé orí àna, n kò ní tún un sọ. Nígbẹ̀yìn, Ìyá Ìbejì borí. Ó fi èèkàn gún ẹ̀yìn ilẹ̀, ó ju gèlè sẹ́yìn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.)

BÍRÍKÌLÀ: (Ó gbé gúgúrú mì.) Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti rí sọ́kawéè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí yóò máa dà sínú rẹ̀ ńkọ́?

(Àwọn méjèèjì wo iyẹ̀pẹ̀. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná, ibi jẹnẹrétọ̀.)

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ìwọ lo gbàgbé ẹ̀!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀yin lẹ yàwòrán!

(Bíríkìlà gbọn èèpo gúgúrú kúrò lára ṣòkòtò, ó gbowó iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.)