Kókósẹ̀ Yìí Fẹ́ Pa Mí!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ kókósẹ̀! Nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń pín ẹran ara, tó bu ti ìdí, tó bu ti ikùn títí ó fi yọ síwájú, kí ni kókósẹ̀ ṣe tí kò fi rí tiẹ̀ gbà? Awọ lásán ló bo eegun! Gbogbo nǹkan líle tó wà láyé ló sì mọ ibẹ̀: ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, irin ọ̀kadà lọ́nà Ṣakí, igi ibùsùn lóru. Orí ńlá wà lọ́rùn mi, wọn ò rí i gbá, àfi kókósẹ̀!

Ahunṣọ ni mí n'Ísẹ́yìn. Ẹ rò pé ọwọ́ nìkan la fi ń hun aṣọ òkè tẹ́ ẹ fi ń ṣèyàwó? Bí ọwọ́ ti ń ju ọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀ nídìí òfì, ọ̀tún wọlẹ̀, òsì gòkè, títí ilẹ̀ á fi ṣú, kókósẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Dókítà kan wá là mí lóye, inú tún bí mi sí i. Ó ní kókó ti inú ni ìparí ojúgun, ti ìta ni ìparí eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì há eegun kan tó ń jẹ́ talus mọ́ àárín bí ẹ̀mú ṣe ń mú irin. Talus yìí, tó jókòó lórí eegun gìgísẹ̀, ló ru èmi, ó ru iyán tí mo jẹ, ó ru gbèsè mi, síbẹ̀ kò sí iṣan ẹran kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ ọn! Háà! Kókó ti ìta tún gùn wálẹ̀ ju ti inú lọ, ó dínà kí ẹsẹ̀ má yẹ̀ síta, inú ló wá ń yẹ̀ sí, okùn tó so eegun pọ̀ níta á fà, ẹsẹ̀ á rọ́, á wú, bẹ́ẹ̀ Òkè-Ògùn la wà o, níbi tí òkúta pọ̀ ju èèyàn lọ, ìyàwó mi á ní kí n fomi gbígbóná jó o, bàbá àgbà á ní òrí ni, dókítà á ní yìnyín ni, oníbàárà á ní aṣọ òun dà!

Ẹ̀yin tí kókósẹ̀ yín ò tíì gbá nǹkan lónìí, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bẹ́ǹṣì yín kúrò lọ́nà!