Ìgbésẹ̀ Ẹgbẹ̀rún Mẹ́wàá Lẹ́yìn Ọ̀kadà

Ẹni tó bá mọ àwọn ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú tó wà lókè òkun, kó jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìdíje eré ìdárayá ìdájí wọn yìí wọ orí WhatsApp ni fóònù ò ti sùn mọ́, àwa tá a ni fóònù náà ò sì rójú oorun. Aago mẹ́rin ààbọ̀ géérégé ni yóò dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ohùn bíi ti ẹni tó ń da màlúù: ẹ dìde, ẹ̀yin akọni, ẹni tó bá sùn kọjá aago márùn-ún ti fi ọrọ̀ rẹ̀ ta ayé lọ́rẹ! Kánádà lọkùnrin náà wà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí bá lù nílé nínú ọyẹ́ yìí, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ àná ló ń lù lọ́dọ̀ tiẹ̀ ní Toronto. Èèyàn wa ò jí rárá o. Kò tíì sùn ni! Ó jẹun tán, ó wo bọ́ọ̀lù tán, ó ń yán kó tó wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wá ní kóun kọ́kọ́ jí ìlú bàbá òun sílẹ̀ ná.

Ẹ ti mọ òfin ìdíje náà, torí ariwo rẹ̀ ti kan ìlú Ẹ̀rípa àti Ìrèsì, mo sì gbọ́ pé Ìgbájọ náà fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀. Kí kálukú jí ní aago márùn-ún, kó wọ kánfáàsì, kó rìn, kó sáré. Kó tó di aago méje, kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ níbi tí iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ hàn sí, kó fi ránṣẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ìwọ̀n. Tí tìrẹ ò bá pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, wọn a fi àwòrán ìgbín kí ọ káàárọ̀.

Ẹni tó ń gba ipò kìíní láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń jẹ iyán lọ́dọ̀ obìnrin kan náà. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń pè tó bá ń lọ síbi ìkómọ ní òdìkejì títì. Àfi bí orúkọ rẹ̀ ṣe lé téńté: ẹgbẹ̀rún méjìlá lánàá, ẹgbẹ̀rún méjìlá lónìí, àwọn ará London ń kí i ní akíkanjú, wọ́n ní irú wọn ló yẹ kí ọ̀dọ́ máa wò.

Mo lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n dúró kí n fojú ara mi rí i. Ó ki fóònù bọ àpò ṣòkòtò, ó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu àpò náà kí fóònù má baà fò jáde, ó gun ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ó ní ó yá. Kòtò àkọ́kọ́ gbé wọn sókè, gbì! Ìkejì, gbì! Níbi tí ọ̀dà ti tán tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀, mo rí i tí ikùn rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún nígbà tí òun alára ń lọ sósì, tí ọlọ́kadà ń yà fún kòtò kan tó sì ń kó sí méjì. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó fa fóònù yọ, ó nà án sí mi lójú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìgbésẹ̀! Àwòrán ọwọ́ méjì ń pàtẹ́wọ́ fún un lójú fóònù, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ takuntakun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni à ń lọ láàárọ̀. Ọlọ́kadà ti mọ iye ẹ̀. N kì í tiẹ̀ lajú."

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú àwọn tó yẹ kó tún ọ̀nà ṣe, ẹ lọ tọrọ àforíjì. Ètò ìlera ni wọ́n ń ṣe fún wa láti ọjọ́ yìí, ojú wa ló fọ́. Ní London, èèyàn ń sanwó oṣooṣù kó tó wọ ilé tí ẹ̀rọ ti máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Lọ́dọ̀ wa, owó ọ̀kadà nìkan ni, kò sì sí fọ́ọ̀mù kankan tí ẹ máa kọ́kọ́ kún. Iṣan tí bàbá yín ò mọ̀ pé òun ní ń ta kìjí. Aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn ti bímọ kó tó débẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì ti dín. Kí ẹlẹ́tàn kankan má wá gbé kọngílá wá síbí o! Tí wọ́n bá fi ọ̀dà tó jọ̀lọ̀ sí ọ̀nà yẹn lónìí, akíkanjú tí London ń kí yẹn yóò di ìgbín lọ́la.

Ta tiẹ̀ ló ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá? Ẹ rò pé dókítà ni? Oníṣòwò ni. Lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo lọ́dún 1964, iléeṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde lọ́dún 1965 tí èèyàn ń fi kọ́ ìbàdí láti máa ka ìgbésẹ̀. Wọ́n ki ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mọ́ orúkọ ọjà náà nítorí pé ó dùn ún gbọ́ létí. Ọjà tà. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àgbà ọkùnrin wà lẹ́yìn ọ̀kadà ní Ọ̀tan, ó dijú, ó ń lépa nọ́ńbà tí àwọn tó ń polówó ọjà fi há gbogbo ayé lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn ò bá ẹnikẹ́ni ka ìgbésẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi lo ara rẹ̀, iṣẹ́ oko wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ilé wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní dandan ni kó jẹ́ ìdájí. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lórí òkè wa yìí ti parí ti ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé lọ bá a lóko. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ Àìkú, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìbéèrè tí àwọn ará òkè òkun wa tún wá ń bi wá lójoojúmọ́ ni pé kí ló ń mú orí wa yá láti jí. Wọ́n ti ka ìwé tí Robin Sharma, ará Kánádà bíi tiwọn, kọ lọ́dún 2018 lórí jíjí ní aago márùn-ún, wọ́n sì rò pé àwọn ti rí ohun tí ojú ò rí rí. Ìmóríyá! Ẹ lọ bi ìyá alákàrà. Ẹ̀wà tó rẹ mọ́jú kò ní bó ara rẹ̀, ẹni tó ń lọ ata ò ní dúró dè é, àwọn ọmọ iléèwé kò sì ní jẹ àkàrà aago mẹ́wàá. Owó gbọ́múlélántà tó yá, wọ́n á wá gbà á lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á jókòó síwájú ilé rẹ̀ títí yóò fi san án. Tí ẹ bá ní kí obìnrin yẹn wá sọ̀rọ̀ ìmóríyá fún yín, yóò béèrè pé àkàrà èló lẹ fẹ́.

Èwo tiẹ̀ ni ká jí? Ta ló sùn? Mo ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́, mi ò sì ní dákẹ́: gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan dojú kọ fèrèsé mi láti ìlà oòrùn, ti mọ́ṣáláṣí dojú kọ ọ́ láti ìwọ̀ oòrùn, ajíhìnrere kan tún ń gba àárín kọjá pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, ó ń kéde fún mi pé iná ọ̀run ò dùn. Mo mọ̀, bàbá. Àkùkọ tó wà lẹ́yìnkùlé mi ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó rí i pé wọn ò nílò òun mọ́. Ohun tó yẹ kí ọmọ Ọ̀tan kan láti Kánádà kọ́ wa ni bí èèyàn ṣe ń sùn.

Ká tiẹ̀ ní orí wa yá. Ibo la fẹ́ sáré gbà? Ẹni tó bá ń sáré létí igbó ní aago márùn-ún ìdájí, tí kò bá pàdé ajínigbé, yóò pàdé ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn. Wọ́n á bi í pé ta ló ń lé e. Tó bá ní kò sẹ́ni tó ń lé òun, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí a kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún. Bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé. Eré tí wọ́n sá jù ní sàkáání wa yìí, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n sá a, nínú ogun Jálumi, nígbà tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n àtàwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kojú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ìlọrin sá títí wọ́n fi já sódò Ọ̀tìn, tí odò gbé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó ka ìgbésẹ̀. Ìmóríyá wọn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fa idà yọ.

Ká má parọ́, ìjọba ti gbìyànjú láti jí wa rí. Lóṣù Kẹta ọdún 1984, Buhari àti Ìdíàgbọn gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ dìde, nígbà tó yá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣe ìmọ́tótó láràárọ̀ Sátidé ìparí oṣù. Kòbókò ni ìmóríyá ìgbà yẹn, ó sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Walk to Live wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ rántí rẹ̀ dáadáa: láti ìlú dé ìlú, gómìnà níwájú, àwọn èèkàn ìjọba lẹ́yìn nínú aṣọ eré ìdárayá, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń wá. Nígbà tó di ọdún 2015 ni wọ́n wá ṣàkíyèsí pé òṣìṣẹ́ tó ń gba owó-oṣù odindi ṣì ń rí owó mọ́tò san. Wọ́n gé e. Ipele keje wálẹ̀ gba odindi, ipele kẹjọ sí ìkẹwàá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ipele kejìlá lọ sókè gba ààbọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá àgbà ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì láìsí gómìnà níwájú, láìsí fọ́tò. Ètò ìrìn tó kẹ́sẹ járí jù nínú ìtàn Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí nìyẹn. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ní tiẹ̀ fi ijó yanjú ọ̀rọ̀ náà, mo sì fara mọ́ ọn: ìnáwó kan péré pẹ̀lú onílù tó mọ nǹkan, ìṣẹ́jú 150 Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tán.

Ṣùgbọ́n Ọ̀tan yìí ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró. Lóṣù Kejì ọdún 2025 tí PDP àti APC dìjà lórí ta ni alága, tí ẹ̀mí bọ́ nínú rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní káwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé. Owó ìjọba ìbílẹ̀ há sí Abuja. A gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 2025 wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ló yẹ kó pẹjọ́. Ó dáa. Kí òṣìṣẹ́ náà jí lọ síbo? Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, kánfáàsì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí yóò wọ̀n ọ́n fún un ló ń wá, àti oògùn tí kò wọ́n rárá tó bá jẹ́ pé nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ há owó mọ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lé kọ́kọ́rọ́ sẹkitéríàtì, ìkà ni yín, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kẹ́ ẹ wà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi fọ́tò eré ìdárayá yín ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn ará òkè òkun wa tún ní àwọn ń bọ̀ nílé fún Kérésì, àwọn á ṣètò eré sísá yí ìlú po, kálukú á mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá fún súwẹ́ẹ̀tì. Èmi ò ní sí nílé. Tó bá jẹ́ jíjí ìdájí ló ń múni borí, ṣé Super Eagles kì í jí ni? Congo Kinshasa ló fi pẹnárítì 4-3 lé wọn kúrò lọ́nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Rabat lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, Eric Chelle tó ń kọ́ wọn nígbà náà wá la ẹnu, ó ní ará Congo kan ń ṣoògùn létí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà ló ń fẹjọ́ oògùn sùn! Kó tó kúrò nílé ló yẹ kó ti bi wá. A bá ti júwe fún un.